Ìlà Lára Ògiri Ilé Ìgbín

Ní ọjọ́ kẹfà tí a ti ń wá Àǹtí Ọpẹ́olúwa nínú ọ̀sà Ọ̀jọ́, Hùnsù apẹja tu ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀, ó ká àwọ̀n rẹ̀, ó ní òun kò wá mọ́. Ègùn ni Hùnsù, etí omi yẹn ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí.

"Sájẹ́ǹtì," ó wí fún mi, "omi yìí kì í gbé òkú pamọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bó bá wà níbẹ̀, a ti rí i. Obìnrin yẹn ò sí nínú omi."

Inú bí mi. Ọjọ́ méjì ni èmi Gàníyù fi dúró nínú ẹrẹ̀ tó mù mí dé orúnkún. Ẹrẹ̀ ti gba bàtà mi kan. Mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ló gbé òkú lọ. Ẹni tó bá ti kọ nǹkan sínú ìwé kì í fẹ́ kí apẹja wá pa á rẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, Inspẹ́kítọ̀ Moṣọpẹ́, kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Hùnsù, ó kẹ̀yìn sí omi, ó sì kọjú sí ilé.

Ilé Ìgbín ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Méjọ̀ Ẹkúndayọ̀, sójà tó fẹ̀yìn tì láti bárékè Ọ̀jọ́, ló ni ín. Ọpẹ́olúwa, ayàwòrán ilé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ló ya àwòrán rẹ̀. Obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n gé igi àgbọn kan ṣoṣo. Ibi tí igi bá dúró sí, ògiri á yà fún un. Ilé náà ń yí láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ìkarahun ìgbín, ó pupa bí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé, igi ẹ̀gbà sì na gbòǹgbò sínú irà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹwà, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ilé púpọ̀ tí wọ́n ti ṣìkà, n ò tíì wọ èyí tí kò ní igun kan tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì kó ronú.

Ohun tí a mọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú, tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan, Ọpẹ́olúwa nìkan wa mọ́tò rẹ̀ wá sí sáìtì. Ní ọjọ́ Ajé, mọ́tò wà lẹ́nu géètì, a ò rí ẹni tó wà á. Akoto tó máa ń dé sórí ń léfòó lórí ọ̀sà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a rí fóònù rẹ̀, tó ti fọ́ tí kò tàn mọ́, nínú àpò irinṣẹ́ Wàhábì, olórí àwọn bíríkìlà, nínú ilé ìkẹ́rù sáìtì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì jẹ́rìí pé Wàhábì àti Àǹtí pariwo mọ́ ara wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Wàhábì ní Àjàngbádì lòun wà ní ọjọ́ Àìkú, nílé òun. Ta ló rí i? Kò sẹ́ni tó rí i, ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ọ̀gá àgbà wa ní ẹjọ́ ti parí. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a óò gbé Wàhábì lọ sí kóòtù fún ẹ̀sùn ìpànìyàn, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà yẹn lọ, kì í tètè padà wálé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a wà yìí. Ọjọ́ méjì péré ló kù fún ọkùnrin náà.

*

Yàrá róbótó kan wà ní ìdí ilé náà, ó kọjú sí omi. Ibẹ̀ ni Inspẹ́kítọ̀ dúró sí. Ó tẹjú mọ́ ògiri títí mo fi rò pé ó ń gbàdúrà.

"Gàníyù, wá wo ògiri yìí."

Mo wò ó. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, ó dán, ó sì tẹ̀ dáadáa. Àwọn ìlà tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan kò ga ju búlọ́ọ̀kù kan lọ. Mo ní ògiri tuntun wo ni kì í sán. Ó bi mí bóyá mo rí irú rẹ̀ lára ògiri mìíràn nínú ilé náà. Mo yí gbogbo yàrá ká, mo fọwọ́ pa ògiri títí ọwọ́ mi fi pupa. N ò rí ẹyọ kan.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wọn àárín ìlà kan sí èkejì. Ó tún wọn èyí tó wà lókè rẹ̀. Kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Ìlà òkè sì bọ́ sí agbedeméjì àwọn ti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù lé ara wọn.

"Bíríkìlà ni bàbá mi ní Ìlaròó," ó wí. "Ibi tí pílásítà bá ti nípọn jù ló ti ń sán. Ẹnì kan to odidi búlọ́ọ̀kù síbi tí ògiri ti tẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀. Ibi tí méjì bá ti pàdé á jìn sínú, ló bá fi pílásítà dí i kó lè rí róbótó."

Ó tú àwòrán ilé náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo wá rí ohun tó rí. Nínú àwòrán, ihò kan wà lára ògiri yẹn gan-an, ìjókòó tí wọ́n gbẹ́ sínú ògiri kí Méjọ̀ lè máa kàwé níbẹ̀ kó sì máa wo omi. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì fẹ̀ tó ẹni tó dùbúlẹ̀. Lára ògiri tó wà níwájú wa, kò sí ihò kankan.

Eṣinṣin mẹ́ta bà lé ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà. Wọn kò kúrò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti ń gbóòórùn kan níbẹ̀ tí a ń sọ pé irà ni. Mo jáde lọ mí.

Nígbà tí mo padà, mo ní kí n lọ mú òòlù wá. Ó ní rárá.

"Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri tó tẹ̀ ní gbogbo Ọ̀jọ́ yìí?"

"Wàhábì ni, mà."

"Nítorí náà, bí a bá fọ́ ọ báyìí, Wàhábì ti kú. Ẹni tó wà nínú ibẹ̀ ò tún lè kú mọ́, Gàníyù. Fún mi di ìrọ̀lẹ́."

Mo fi kọ́ńsítébù méjì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, a sì lọ.

*

Bámidélé, kọ́ńtíráátọ̀ tó ń kọ́ ilé náà, ní ọ́fíìsì ní Okokomáíkò, lókè ilé ìtajà kan. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ara rẹ̀ balẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fẹ́ dìde kí wa, ó sì tún jókòó. Bàtà sílípáàsì ló wọ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọn sí i nínú ooru yẹn. Ó ní ká máà bínú, àrùn ṣúgà ló ń da òun láàmú lẹ́sẹ̀. Mo kẹ́dùn fún un. Mo tilẹ̀ júwe ewé tí àbúrò ìyá mi ń sè mu fún un. Ẹ rí ayé mi?

Nípa ihò inú ògiri, kò wá ọ̀rọ̀ tì rárá. Ó ní Àǹtí ló yí ọkàn padà, tó ní kí wọ́n dí i, Wàhábì ló sì dí i ní ọjọ́ Ẹtì. Bóyá ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà nìyẹn. Òun kò mọ̀, òun kì í dá sí iṣẹ́ bíríkìlà.

Inspẹ́kítọ̀ bi í bóyá òun náà ti ṣiṣẹ́ bíríkìlà rí.

"Èmi? Mọ̀dámù, n ò fọwọ́ kan tírówẹ̀lì rí láyé mi. Ìwé ni mo kà."

Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́ sí fọ́tò kan lára ògiri: òun rèé nínú sùtánà funfun, láàárín àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun wà láti àárọ̀, igba ènìyàn ló rí òun. Gbogbo ohun tó sọ bọ́ sí ipò. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún ọ̀gá mi pé ọkùnrin yìí mọ́. Ó ní òun gbọ́.

*

Ní tẹ́ṣàn, Àjọkẹ́, ìyàwó Wàhábì, ti dé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń wá lójoojúmọ́. Ìgò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà, kọ́ńsítébù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì kọ̀ kó gbé e wọlé. Inspẹ́kítọ̀ ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Epo pupa ni.

Ó bi Àjọkẹ́ pé kí ni epo wà fún.

"Mà, gbogbo bíríkìlà ló ń lò ó. Bó bá fẹ́ po sìmẹ́ǹtì, á fi pa ọwọ́, á fi pa ẹsẹ̀. Bí ò bá fi pa á, sìmẹ́ǹtì á jẹ ẹ́. Ó ti mọ́ ọn lára, bí kò bá rí epo, ara ẹ̀ kì í balẹ̀." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. "Ẹ jẹ́ n rí nǹkan tó mọ̀ fún un níbẹ̀, mà."

Inspẹ́kítọ̀ dé ìgò náà padà. Ó ní bàbá òun náà ń pa epo, òun sì ti gbàgbé. Ó fúnra rẹ̀ gbé e wọlé.

Wàhábì ti gbẹ. Ọmọ Ṣakí ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Ó jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri tó tẹ̀.

"A máa ń fọ́ búlọ́ọ̀kù kan sí mẹ́ta ni, mà. Àǹtí ló kọ́ mi. Odidi ni mò ń tò tẹ́lẹ̀, tí mò ń fi pílásítà bò ó. Ó fa pẹ́ńsù yọ nínú irun ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń fi há, ó fi fàlà sára búlọ́ọ̀kù fún mi, ó ní, 'Wàhábì, fọ́ ọ níbí. Ògiri tí wọ́n bá fipá tẹ̀, ọjọ́ kan á sọ̀rọ̀.' Láti ọjọ́ yẹn, n ò to odidi mọ́."

Ihò ìjókòó inú yàrá róbótó ńkọ́? Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó ní ihò náà wà níbẹ̀, òun gan-an lòun rẹ́ inú rẹ̀, òun ò sì dí i.

"Kí ló fà á tí ẹ̀yin méjèèjì fi jà ní ọjọ́ Ẹtì?"

"Irin dẹ́kìn, mà. Mo sọ fún un pé irin tí kọ́ńtíráátọ̀ fi sínú kọnkéré dẹ́kìn òkè kéré sí èyí tí ìwé wí. Ó pariwo mọ́ mi pé kí ló dé tí n ò tètè sọ. Ó ní bí dẹ́kìn yẹn bá wó lé ènìyàn lórí ńkọ́? Ó lóun á gòkè lọ hú u wò lọ́jọ́ Àìkú, kó tó dọ́jọ́ Ajé tó máa ní kí wọ́n wó o."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún ọlọ́pàá?"

Wàhábì wò mí. Kò fi ìbínú wò mí, ìyẹn ló burú jù. "Wọ́n bi mí bóyá a jà, mo ní a jà. Mo fẹ́ sọ ohun tó fà á, sájẹ́ǹtì ní ó tó."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ebi ń pa mí lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ tètè parí. Ojú tì mí débi tí n ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

*

Ṣọ́ọ̀ṣì Bámidélé kò jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ̀. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Bọ́lánlé, tó ń tọ́jú ibẹ̀, jẹ́ obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, kò sì fura sí nǹkan kan. Inspẹ́kítọ̀ yin ọgbà tí wọ́n mọ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Inú màmá dùn.

"Bùrọ́dà Bámidélé ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, nígbà tí ìjọ ò tíì ní nǹkan kan. Bíríkìlà ni kí Olúwa tó gbé e ga. Ó ju ogún ọdún lọ báyìí."

Mo wo ọgbà náà. Odidi búlọ́ọ̀kù ni gbogbo rẹ̀, ó nà tọ́ọ́rọ́.

Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Màmá ní ó wá láàárọ̀, ṣùgbọ́n fóònù pè é kí ìwàásù tó parí, ó sì jáde. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ ló tó padà. Sùtánà rẹ̀ tutù láti àyà dé ilẹ̀, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Ó ní òjò pa òun. Màmá kò rántí òjò kankan, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà jiyàn nínú ilé Ọlọ́run?

Inspẹ́kítọ̀ bi í ní ìbéèrè kan sí i: ṣé ará ìjọ lè wọ bàtà nígbà tó bá wà nínú sùtánà, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe?

"Láéláé, ọmọ mi. Aṣọ mímọ́ ni. Kódà bí ilẹ̀ ń jó."

*

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí gbogbo wa pé sí yàrá róbótó náà. Méjọ̀ Ẹkúndayọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Bámidélé jókòó lórí àga kan tí mo gbé fún un. Ó bi wá bóyá a ti rí nǹkan.

"Mo fẹ́ kí ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín, sà," Inspẹ́kítọ̀ wí.

Ó ní egbò ṣúgà kò dára lójú. Inspẹ́kítọ̀ ní òun yóò fara dà á. Nígbà tí kò mira, mo kúnlẹ̀, mo bọ́ ọ fún un. Ẹsẹ̀ náà ti bó, àárín ọmọ ìka ti jẹra. Egbò náà sì yí ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ká, ó dúró síbì kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn dúró sínú nǹkan.

"Ṣúgà kì í wọn ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba," ọ̀gá mi wí. "Sìmẹ́ǹtì tútù ló jẹ yín. Àǹtí pè yín jáde nínú ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti gun dẹ́kìn, ó ti rí irin. Lẹ́yìn tó kú, ẹ po sìmẹ́ǹtì, ẹ dí ihò yìí. Ogún ọdún sẹ́yìn ni ẹ ti mọ ògiri kẹ́yìn, ògiri tó tọ́ nìkan lẹ sì mọ̀ ọ́n mọ. Ẹ to odidi búlọ́ọ̀kù. Wàhábì kì í tò ó."

Bámidélé ní kí la fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun ṣe, ẹnikẹ́ni ló lè po sìmẹ́ǹtì.

"Bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ á pa epo. Ẹlòmíràn á wọ bàtà. Bàtà òjò mẹ́ta ló wà nínú ilé ìkẹ́rù tí ẹ ti gbé búlọ́ọ̀kù. Ta ni yóò rí i tí kò ní wọ̀ ọ́?" Ó sún mọ́ ọn, kò gbé ohùn sókè. "Inú sùtánà lẹ wà, sà. Ẹ kò bẹ̀rù láti gba ẹ̀mí ènìyàn, bàtà lẹ bẹ̀rù láti wọ̀."

Bámidélé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. A máa ń sọ nípa ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ sínú tó ń tutọ́ funfun jáde. N kò rí i gbangba bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo bẹ̀ ẹ́," Bámidélé wí. "Mo ní kó jẹ́ n tún un ṣe láìjẹ́ kí Méjọ̀ gbọ́. Ó lóun máa kọ ọ́ síwèé. Mo kàn tì í ni, mo kàn tì í. Láti orí dẹ́kìn ló ti bọ́."

"Fóònù ńkọ́?" Èmi ni mo bi í. "Kí ló dé tó jẹ́ àpò Wàhábì?"

"Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi ẹ̀," ó dáhùn.

Inspẹ́kítọ̀ na òòlù sí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ lu ògiri náà. Pílásítà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, odidi búlọ́ọ̀kù sì yọjú lẹ́yìn rẹ̀. A yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wà níbẹ̀, ó ká orúnkún sí àyà lórí ìjókòó tó yà fún ẹlòmíràn, ó kọjú sí ibi tí omi wà. Pẹ́ńsù rẹ̀ ṣì wà nínú irun. Méjọ̀, tó ti jagun rí, jáde lọ dúró láàárín àwọn igi àgbọn, a sì gbọ́ tó ń sunkún bí ọmọdé.

*

A dá Wàhábì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjọkẹ́ dì mọ́ ọn. Wàhábì béèrè bóyá lóòótọ́ ni a rí Àǹtí, nígbà tí mo ní a rí i, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ṣàn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Méjọ̀ ní kí wọ́n wó dẹ́kìn náà, kí wọ́n sì dí ihò ìjókòó yẹn, torí kò sẹ́ni tó máa lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Wàhábì kò jẹ́ kí bíríkìlà mìíràn ṣe é. Nígbà tí mo gbọ́, mo bọ́ aṣọ ọlọ́pàá mi sílé, mo lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ láti Ìyànà-Ìbà títí dé ẹ̀bá omi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n ò rí ẹyọ kan sọ.

Ó ń fi pẹ́ńsù fàlà sára búlọ́ọ̀kù, ó ń fọ́ ọ sí mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ní kó jẹ́ n bá a po sìmẹ́ǹtì. Ó wo bàtà kan ṣoṣo tó kù fún mi láti ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn, tí mo wọ sílípáàsì dípò èkejì. Ó mú ìgò epo rẹ̀ nílẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ẹ fi pa ẹsẹ̀ yín ná, sájẹ́ǹtì," ó wí. "Á jẹ yín."

Mo jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, mo sì fi pa á.